Ẹ́ńjìnnì Apá Òsì

Ẹ́ńjìnnì apá òsì ti lọ.

Bàálù náà wà nínú abà páànù lẹ́yìn ilé Bàbá Olújìmí ní Láfẹ́nwá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Bàbá fi kàn án, ní àwòrán bàálù ajagun ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó máa ń tún ṣe fún àwọn òyìnbó ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Èyí kéré sí ti ogun. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá ló wà ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, ihò ló kù.

Inú ń bí Ìsípẹ́kítọ̀ Túbọ̀sún ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kì í sì í ṣe olè nìkan ló ń bí i nínú. Kọ́páràlì Ṣéhù ti ṣáájú rẹ̀ dé lánàá. Kò wo bàálù, kò wo ilẹ̀. Ó mú Mọ́ṣúdù tó ń ṣọ́ ilé, ó sì lù ú títí ojú rẹ̀ fi wú. Iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbé Mọ́ṣúdù dé kóòtù, ibi tó sì máa gbà lọ láti ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀.

"Bàbá, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ abà yìí?"

"Èmi àti Mọ́ṣúdù nìkan ni. Ó lọ kírun Jímọ̀ lọ́sàn-án àná. Èmi sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí mo jí, àgádágodo wà ní títì, ẹ́ńjìnnì ò sí."

"Ọdún mélòó ló ti wà lọ́dọ̀ yín?"

"Mẹ́jọ."

"Ó ti jí nǹkan yín rí?"

Bàbá yíjú sí ògiri. "Ọkàn ènìyàn jìn, Ìsípẹ́kítọ̀."

Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ihò náà. Bóòtù mẹ́rin tó di ẹ́ńjìnnì mú wà níbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sì ti padà sórí bóòtù tirẹ̀ kó má baà sọnù. Àkísà mímọ́ ni wọ́n fi di ẹnu páìpù epo. Wọ́n fi ìtì igi gbé apá ọ̀tún ró, kí bàálù má baà dẹ̀gbẹ́ nítorí pé apá kejì ti fúyẹ́. Lókè, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbé ẹrù so rọ̀ láti àjà.

"Ta ló fi igi yìí síbẹ̀?"

"Ó ní láti jẹ́ olè náà."

"Olè aláàánú," ni Túbọ̀sún wí.

Òṣùwọ̀n ńlá kan wà ní igun abà, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn kòkó.

"Ti Àlàájì Sàlàhúdíìnì oníkòkó ni," Bàbá sọ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Mo fi wọn àwọn irin wẹ́wẹ́."

Ipa tááyà kékeré kan hàn kedere nínú eruku orí òṣùwọ̀n náà. Túbọ̀sún wo tááyà bàálù.

"Báwo ni bàálù yìí ṣe wúwo tó, Bàbá?"

"Ẹgbẹ̀fà pọ́n-ùn. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn."

Nínú ọgbà, Màmá Lydia, ìyàwó Bàbá, ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ fura sí ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ olè náà. Ẹ ní kó padà wá gbé èkejì, èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ọ̀rọ̀ yín le o, mà."

"Ṣé kò ní le? Ìrókò tó tó ṣe ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò ló kó sára nǹkan yẹn! Ìwé òyìnbó ní igi fúfúyẹ́ ni kó lò. Mo ní arère pọ̀ ní Owódé. Ó ní ṣé pósí tálákà ni òun ń kàn ni?"

"Níbo lẹ wà lánàá?"

"Ìpàdé ìyá ìjọ. Aago mẹ́rin ni mo dé, mo bá ọkọ mi tó ń wẹ̀, iyẹ̀ pákó kún balùwẹ̀ mi. Láti oṣù tó kọjá ni wọn ò ti la igi níbí! Èmi náà ni mo tún gbá a."

Túbọ̀sún dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kuto. Jùbrílù, mẹkáníìkì tó wá ẹ́ńjìnnì méjèèjì fún Bàbá, wà lábẹ́ ọkọ̀ kan.

"Wọ́n ní o bá Bàbá jà."

Jùbrílù yọ orí jáde. "Mo bá a jà, ọ̀gá. Ó wá bá mi lọ́jọ́rú, ó ní ẹ́ńjìnnì mi ò lágbára. Ó ní kí n wá ti Píjò. Mo ní, 'Bàbá, ti Píjò ń mu omi, irin rẹ̀ wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjàpá ò mu omi, atẹ́gùn ló ń tù ú lára, torí ẹ̀ lẹ fi yàn án.' Ẹ́ńjìnnì mi ò ṣàìsàn, ọ̀gá. Ẹrù tí wọ́n fẹ́ dì lé e lórí ni kí wọ́n lọ wò."

Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń ju nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíkì. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ mẹ́ta ló ti dà pọ̀ níbẹ̀.

"O kì í dá wọn padà sórí bóòtù?"

"Ta ló ráyè ìyẹn? Bàbá nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní nínà ni ní Bọ́mà bí ẹyọ kan bá sọnù."

Túbọ̀sún padà sí Láfẹ́nwá. Kò wọlé. Ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ síbi òkìtì iyẹ̀ pákó tó wà lẹ́yìn abà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Bàbá jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Kò pẹ́ tí ṣọ́bìrì fi kan irin. Tapólì ni wọ́n fi wé ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì fi gírísì pa á lára bí ọmọ tuntun.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e, Bàbá. Olè kì í dá nọ́ọ̀tì padà. Olè kì í dí ẹnu páìpù, kì í sì í gbé apá bàálù ró. Ẹ̀wọ̀n lẹ fi sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí ọmọlanke, ẹ tì í dé ibí nígbà tí Mọ́ṣúdù wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ sì wẹ iyẹ̀ pákó kúrò lára. Oorun tí ẹ sùn nìyẹn. Bàálù lẹ gbé sórí òṣùwọ̀n Àlàájì, kì í ṣe irin wẹ́wẹ́. Ìwé ní ẹgbẹ̀fà. Òṣùwọ̀n ní mélòó?"

Bàbá jókòó sórí òkìtì náà. "Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ìrókò ló pa mí. Àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn ò lè gbé e ga ju ilé lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo Ẹ̀gbá ni mo ti sọ fún pé màá fò. Kí n wá dúró níwájú wọn kí n ní mo yan ẹ́ńjìnnì tán kí n tó yan igi? Bí olè bá jí i, kò sí ẹni tó máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Mọ́ṣúdù wá ńkọ́?"

"Mo rò pé wọ́n á fi í sílẹ̀ bó bá yá."

Itọ́ korò lẹ́nu Túbọ̀sún. Ó tu ú sílẹ̀. Ìrókò ṣòfò, ọdún mẹ́fà ṣòfò. Ìyẹn kò dùn ún tó bí ohùn pẹ̀lẹ́ tí ọkùnrin yìí fi sọ "bó bá yá," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó já wọ oko olóko.

"Ẹ dìde. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fẹnu yín sọ ọ́ fún un."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú Mọ́ṣúdù jáde. Ojú rẹ̀ kan ti dí pátápátá. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Túbọ̀sún ní kó tún un sọ, kó gbé ohùn sókè, kí Kọ́páràlì Ṣéhù náà lè gbọ́. Ó tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá dúró, ó ń wo Mọ́ṣúdù, bí àgbà ṣe máa ń dúró de ọmọdé kó kí òun.

Mọ́ṣúdù gba bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. Ó kí Ìsípẹ́kítọ̀ pé ó dàárọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá Olújìmí kọjá, ó jáde síta, kò kí i.