Ọwọ́ Eyín Erin

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Kleino, ọmọ ọmọ mi, lẹ́bi, èmi àgbàyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ pé omi ni kó máa fi nu òòṣà. Ní ìlú orí òkè tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Omi ni wọ́n fi ń nu òòṣà kí eyín erin ara rẹ̀ má baà sán. Ṣùgbọ́n ní abúlé ọkọ mi yìí, létí odò Alfeosi, ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀. Ìdí mi gan-an kì í gbẹ lórí àpótí. Òróró ólífì ni wọ́n fi ń pa òòṣà lára níbí, kí omi má baà wọ inú igi rẹ̀. Mi ò béèrè. Ẹnu mi ti máa ń ṣáájú orí mi.

Kleino ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé Àtẹ́mísì, òòṣà abúlé wa, lọ́dún yẹn, kó máa tọ́jú rẹ̀. Igi ni ara òòṣà náà, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni aṣọ rẹ̀, eyín erin sì ni ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Igi mu omi, ó wú; gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹja sè, tó di eyín erin mú, sì rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ọwọ́ òsì òòṣà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Kleino.

Ó fi ìborùn wé e wá bá mi nídìí ìkòkò ẹ̀wà. Ó ní òun fẹ́ sọ fún Timareta, ìyá àwòrò, ṣùgbọ́n wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Fano ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá rẹ́rìn-ín.

"Ìda oyin ńkọ́? Lẹ̀ ẹ́, jàre. Ta ló ń wo ọwọ́ níbi tí wúrà wà?"

Kleino wò mí. Mo ń ro ẹ̀wà mi lọ.

Oòrùn ọjọ́ náà mú bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé òòṣà jáde, gbogbo èrò ń kọrin, èmi ń wo ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo. Mo rí i tí ìda ń dán. Mo rí i tó ń yọ́. Òógùn bò mí ju àwọn tó ru òòṣà lọ. Nídìí igi ólífì tí ọ̀nà ti yà, ọwọ́ já lu òkúta, ìka kékeré sì kán. Orin dákẹ́.

"Ta ló fi ìda sí i?" ni Timareta béèrè.

"Èmi ni, Ìyá."

Kí n tó fi ikùn ti èrò dé iwájú láti sọ pé omi tèmi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Kleino ti ń tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú ìgbànú rẹ̀. Timareta gbà á, kò pariwo. Ó ní ọwọ́ tó bọ́, oníṣẹ́ igi ìbá ti lẹ̀ ẹ́ padà kí oòrùn tó mú; ìka tó kán wá ńkọ́, erin wo la fẹ́ lọ bẹ̀ lábúlé yìí?

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe kọ́ ló kán ìka òòṣà. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi aṣọ bo iná, èéfín ni yóò tú u fó.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo fi ìdí ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Kleino ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ láàárọ̀?"