Òkúta Tó Ń Mí

Tí èèyàn bá mí sí ojúlówó òkúta iyebíye lára, kúrukúru èémí náà kì í pẹ́ kó tó parẹ́. Ti gíláàsì máa ń dúró díẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn kí n tó dá iye lé òkúta. Èyí tí ọ̀gá oníṣòwò gbé wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò tíì mí sí i tí kúrukúru fi bò ó. Láti inú ni.

Mo fi awò wò ó. Tí mo bá yí i síhìn-ín, á pọ́n. Tí mo bá yí i sọ́hùn-ún, á di àwọ̀ aró. Ohun tó wà nínú iyanrìn lásán ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Mo gbé e sétí. Ó ń súfèé.

Orí mi wú. Àbúrò mi ọkùnrin, awakùsà tó wọ kòtò lọ tí a kò sì rí i mọ́, Fèrè là ń pè é. Erùpẹ̀ ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, ó máa ń súfèé tó bá ń mí. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè fara pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló wa á, ọ̀gá?"

"Ọkùnrin kan ni, màmá. Ó tà á fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ."

Kúrukúru tún bo òkúta. Ọ̀gá la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ń jáde bíi pé ẹlòmíì ló ń fà á yọ.

"Ó na òkúta sí mi tán ni ilẹ̀ ya lù ú. Ó ṣì ń pè mí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Tí mo bá ké sí àwọn èèyàn, gbogbo wọn ni yóò mọ ibi tí òkúta wà."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Inú bí mi, mo sì rọra gbé òkúta náà síwájú rẹ̀.

"Ó ku ohun kan," mo ní. "Ẹ mí sí i lára. Ẹni tó ni òkúta ló ń ṣe é."

Irọ́ ni. Ó tẹrí ba, ó mí sí i. Èémí náà wọnú òkúta lọ, kò sì rí òmíràn fà. Ó nawọ́ sí mi. Mo wò ó títí ó fi ṣubú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Òkúta náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo gbé e sétí lánàá, kò súfèé mọ́. Fèrè ti sinmi. Ẹlòmíì ló ń mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n pe ẹni tó máa yọ òun.

Mo rọra dá a lóhùn pé tí mo bá ké sí àwọn èèyàn, gbogbo wọn ni yóò mọ ibi tí òkúta wà.