Ìṣó Méjì Tí Fọláyan Fi Pamọ́

Láyé ìgbà kan, bí o bá jókòó ti Fọláyan káfíńtà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Abúlé Adó, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi sọ fún ọ pé ọwọ́ òun wà nínú kíkọ́ Festac. Yóò ka àwọn ilé tí ó kan ilẹ̀kùn wọn fún ọ láti òpópónà dé òpópónà, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì rẹ́rìn-ín, yóò bínú. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún 1978 ni Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí ń gbé ní Festac, gbé iṣẹ́ òrùlé ilé rẹ̀ tuntun ní Amúwò fún un. Wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Òjò kò gbọ́dọ̀ bá ilé náà láìní òrùlé. Ohun tí wọ́n jọ sọ nìyẹn.

Fọláyan bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè é sí iṣẹ́ mìíràn ní Trade Fair, ó gbà á, ó sì ń yọjú sí Amúwò nígbà tó bá wù ú. Ọtí tún wà níbẹ̀, ọtí tí ó máa ń mu láti ọ̀sán. Bí Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí bá ránṣẹ́ pè é, èsì kan náà ni yóò fi ránṣẹ́ padà: "Ẹ sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ ọwọ́ tèmi kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú."

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sínú ilé náà. Òmíràn tún rọ̀, ó wọ inú àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò sí pálọ̀, gbogbo rẹ̀ sì gan di òkúta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí wá sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀. Kò pariwo.

"Fọláyan, mo ti dúró títí," ni ó wí. "Mo máa mú ẹlòmíràn. Èyí tí o ti ṣe, mo ti san án. Má bínú."

Ó dun Fọláyan wọra. Kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun láàárín méjì, kí gbogbo káfíńtà Abúlé Adó sì máa fi ojú yẹn wo òun! Ì bá ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe. Kò bi ara rẹ̀. Ilé ọtí ni ó gbà lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bú onílé títí ọtí fi tán.

Àṣà kan wà láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Káfíńtà tó mọ̀wàhù kì í gun orí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ bá onítọ̀hún. Yóò lọ tọrọ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò sọ ibi tí òun bá a dé àti ohun tó kù níbẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé òun ti yọ̀ǹda.

Ẹni tí ó wá tọrọ ni Ajíbọ́lá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti Fọláyan ti kọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù, Fọláyan gan-an ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń di òòlù mú. Ajíbọ́lá ti gba Jésù gbọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pàdé ni yóò máa bẹ Fọláyan pé kí òun náà wá sọ́dọ̀ Rẹ̀, Fọláyan a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, a máa pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù Onípátákó.

Ajíbọ́lá gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tí ó mú wá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ," ni ó wí. "Bí ẹ bá sì yọ̀ǹda, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n mọ̀?"

Ohun kan wà níbẹ̀. Igi ńlá tí ó gba orí pálọ̀ kọjá kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Fọláyan kò rí èyí tó gùn tó, ó so méjì pọ̀. Pátákó tí ó yẹ kí ó gbá ojú ìsopọ̀ náà mú lọ́tùn-ún lósì kò tíì sí níbẹ̀. Ìṣó méjì péré ni ó fi há a de ọjọ́ kejì, ó sì kan igi pẹlẹbẹ kan bò ó kí onílé má baà rí i pé òun so igi. Ọjọ́ kejì yẹn ni ó gba Trade Fair lọ.

Fọláyan wo Ajíbọ́lá lójú. Kò ro ikú rárá, ká sọ òtítọ́. Ohun tí ó rò ni pé òrùlé náà yóò tẹ̀, ojú yóò ti Ajíbọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí yóò sì wá bẹ òun níwájú gbogbo ayé. Inú rẹ̀ dùn sí i.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni ó wí. "Mo ti yọ̀ǹda. Máa lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, Ajíbọ́lá gbé páànù lé èjìká, ó gun orí igi pálọ̀. Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí Àmúsà, bíríkìlà kan tó wà níbi iṣẹ́ náà, fi sáré dé ìsọ̀ Fọláyan láti sọ fún un. Igi ya. Orí sìmẹ́ńtì tí òjò ti sọ di òkúta ni Ajíbọ́lá fi ẹ̀yìn balẹ̀ sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Fọláyan kò fi lè dé ilé ìwòsàn. Ó mutí, ọtí náà kò ràn án. Nígbà tí ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ni ó ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo bi í léèrè bó ṣe jẹ́," ni onílé wí. "Ó ní òun ni òun kò yẹ igi wò kí òun tó gùn ún. Ó ní ká má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi."

Fọláyan wọlé, ó dúró ti ibùsùn. Ajíbọ́lá kò lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Mo rí ìṣó méjì yẹn nígbà tí igi ń ya."

"O rí i, o sì purọ́ nítorí mi?"

"Irọ́ kọ́. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Mo gbà yín gbọ́ ni. Ẹ má sunkún. Jésù ti gbé ẹ̀bi tèmi rí, nígbà tí mi ò tilẹ̀ tíì bẹ̀ Ẹ́. Mo ti dárí jì yín. Ẹ lọ bá A, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bi yín lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mi ò lè bá yín gbé e; Òun nìkan ló lè gbé e."

Ọjọ́ kẹta, Ajíbọ́lá kú.

Wọ́n sin ín tán, Fọláyan nìkan gba Amúwò lọ. Igi náà ṣì wà nílẹ̀ nínú pálọ̀ níbi tí ó ya sí, oòrùn sì ń ràn lé e láti òkè tí kò ní òrùlé. Ó rí ìṣó rẹ̀ méjèèjì, ó mọ̀ wọ́n. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yẹn, ó ké bí ọmọdé.

"Jésù, èmi ni," ni ó wí. "Kì í ṣe onílé, kì í ṣe ọtí. Èmi ni mo pa á. Mi ò ní ohun tí mo lè fi tún un ṣe. Ṣàánú mi."

Ẹni tí kò kọ olè tí a kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀ kò kọ káfíńtà náà. Fọláyan dìde níbẹ̀ pẹ̀lú omi lójú, ṣùgbọ́n ọkàn tó dìde kì í ṣe èyí tó kúnlẹ̀. Kò tún fi ohunkóhun pamọ́ mọ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí. Ó lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá, ìyàwó Ajíbọ́lá, ó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin náà bi í. "Bọ̀dá Fọláyan, ọkọ mi bi yín, àbí kò bi yín?"

"Ó bi mí," ni ó wí.

Ẹ̀bùnlọlá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ibẹ̀ ni Fọláyan ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fúnra rẹ̀. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Ó ti dé báyìí, òun ló sì parí òrùlé Amúwò náà. Ẹ̀bùnlọlá ń dá a lóhùn bí ó bá kí i. Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọláyan ń sunkún títí di òní, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó dárí jì í.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ? Bóyá ẹnìkan já ọ kulẹ̀, tí o sì ń wá bí ojú yóò ṣe tì í. Bóyá àwọn ènìyàn ń rìn lórí ohun tí o kàn bò, wọn kò sì mọ̀. Ọlọ́run mọ iye ìṣó tó wà níbẹ̀. Jésù ti ru ẹ̀bi náà, ó kù kí o jẹ́wọ́ rẹ̀. Má ṣe fi í di ọ̀la. Ọ̀la ni Fọláyan náà sọ, nígbà tí ó fi ìṣó méjì sílẹ̀ tí ó lọ.

Olúwa dúró níwájú rẹ lónìí, Ó ń bi ọ́ jẹ́jẹ́: ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀?

Jọ̀ọ́, má ṣe sọ pé kò sí.