Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Tàófíìkì, èébú ni mo fi kí i. Ó tẹ̀lé Àlhájì Kàdírì, àbúrò bàbá rẹ̀, wá sí oko kaṣú wa lẹ́yìn Ìwéré-Ilé, ó fi ìwé òfin há abíyá bí ẹni há búrẹ́dì.

"Bàbá, ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá sílé wa kẹ́yìn?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi bàbá mi.

Bàbá mi, Ògúntóyè ọdẹ, fa àdá yọ. Baba wọn ló fún baba tiwa ní ilẹ̀ náà dáko, iṣu la sì ń gbé fún wọn lọ́dọọdún láti fi gbà pé àwọn ló nilẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí bàbá mi ti ṣíwọ́. Ó ní ẹni tó gbin kaṣú ló nilẹ̀.

Mo ní, "Tíṣà arúgbó, irun ti ń funfun lórí ẹ, o ṣì ń bá ọmọ ọmọ ẹ jókòó ní kíláàsì." Ojú tì í. Inú mi dùn.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lu agogo Fúráìdè, ó di inú ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ẹbí rẹ̀ ló rán an níṣẹ́ kí ó bá wọn kó ẹ̀rí jọ fún ẹjọ́ tí wọ́n pè wá lórí ilẹ̀ náà.

Èmi náà máa ń gbé gààrí lọ sí Ìṣẹ́yìn ní Fúráìdè, ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀. Mò ń bú u, ó ń kàwé. Lọ́jọ́ kan oorun gbé e lọ, ìwé já bọ́ sẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí mo he é, iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀, ó ti máàkì gbogbo ẹ̀ tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ìgbà wo lo tiẹ̀ ń sùn?" ni mo bi í nígbà tó jí.

"Ìgbà tó o bá sinmi èébú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò wá ìfẹ́ o, òun ló wá mi rí nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣíwèé rárá.

"Dúróríkẹ́, gbọ́. Tí bàbá yín bá lọ sọ ní kóòtù pé ẹ̀yin lẹ nilẹ̀, ilẹ̀ lọ, kaṣú lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé iṣu wá ṣáájú, tí ẹbí mi gbà á, wọn ò lè lé yín mọ́."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?"

"O mọ̀ ọ́n."

Mo sọ fún bàbá mi. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kí n tó gbé iṣu relé Kàdírì, ẹ sin mí sínú oko náà."

Èmi ni mo gbé e lọ, lọ́sàn-án gangan, lórúkọ bàbá mi. Àlhájì rò pé ẹ̀rù ló bà wá. Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé lójú gbogbo àgbà ilé.

Ní kóòtù, àwọn àgbà náà ò lè purọ́ pé wọn ò gba iṣu. Adájọ́ ní ẹni tó gba ìṣákọ́lẹ̀ ti gbà kí ẹni tó ń dáko máa jẹ oko rẹ̀. Bí a ṣe jáde, Àlhájì dojú kọ mí. "Ta ló kọ́ ọ?"

Tàófíìkì ní, "Èmi ni, bàbá."

"Òfin tí a ní kó o fi gbà wá lo fi bá wa jà? Ó dáa. Lọ wá ẹni tó máa bá ọ tọrọ ìyàwó."

Bàbá mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, "Dúróríkẹ́, o sọ mí di àtọ̀húnrìnwá lórí ilẹ̀ tí mo fọwọ́ mi gbin kaṣú sí."

Fúráìdè la fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní Ìṣẹ́yìn, kí ọkọ mi tó kọjá sí Ìbàdàn. Ìyá kò sí níbẹ̀, bàbá kò sí níbẹ̀. Ismaheel, awakọ̀ tó máa ń gbé wa ní Fúráìdè, ló jẹ́rìí sí i. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó ti di ọdún kejì. Bàbá mi ṣì ń ká kaṣú lórí ilẹ̀ náà. Tí mo bá ti pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Kò tíì dá mi lóhùn.