Ìwé Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọ̀fọ̀

"Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ló ti wọṣọ ọdún, tiyín nìkan ló wà níhòhò. Àbí ẹ ti kó lọ ni?" Haitang, ọmọ kíláàsì Qiaoyun, na fóònù sókè, ó ya àwòrán, ó sì rẹ́rìn-ín. "Gbogbo kíláàsì ló máa rí i o, Qiaoyun!"

Qiaoyun yíjú wo ilẹ̀kùn wọn tí kò ní ìwé pupa ọdún tuntun. Bàbá rẹ̀ àgbà kú nígbà ìkórè ìrẹsì, ilé tí ikú bá sì wọ̀ láàárín ọdún kì í lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ sì ń ta á lára bí ata.

Bàbá àgbà yìí kan náà ló máa ń fi gègé onírun kọ ọ̀rọ̀ ire sórí ìwé pupa fún gbogbo ará àdúgbò. Méjì tó kọ kẹ́yìn kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Bí Màmá Àgbà, ìyàwó olóògbé, ṣe ń se ẹja lọ́wọ́, Qiaoyun po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná, ó sì fi lẹ̀ wọ́n mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà tàn yòò. Hẹn, bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí.

Bàbá Geng, aládùúgbò wọn, ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ yin báńgà nítòsí ilé opó náà. Nígbà tó rí pupa, ó ní, "Ó dáa, wọ́n ti bọ́ ọ̀fọ̀. Ẹ máa yìn ín."

Báńgà dún gbàù, gbàù, gbàù!

Màmá Àgbà sáré jáde tòun ti abọ́ lọ́wọ́. Abọ́ ọkọ rẹ̀ ni, torí pé òkú ilé a máa bá wọn jẹun ní ìrọ̀lẹ́ tí ọdún ń parí.

"Ta ló ń yọ̀ lórí òkú ọkọ mi?"

"Ẹ má bínú, ìyá," Bàbá Geng ní. "Pupa yín la rí. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ tètè gbàgbé rẹ̀."

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, Màmá Àgbà," ni Qiaoyun wí, omijé lójú. "Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Màmá Àgbà fọwọ́ kan ìwé náà. "Ọwọ́ ọkọ mi rèé." Ó kọjú sí Qiaoyun. "Yọ wọ́n. Rọra o."

Qiaoyun rọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ igi. Méjèèjì fàya. Ohun tí olóògbé kọ gbẹ̀yìn láyé di ìrépé lójú gbogbo wọn. Haitang, tó ti bá àwọn ọmọ wá yin báńgà, ki fóònù bọ àpò, kò lè gbójú sókè.

"Gbọ́, ọmọ mi," ni Màmá Àgbà wí. "Wọ́n ní ẹranko kan a máa jáde lópin ọdún, a máa pa èèyàn jẹ. Àwọn baba ńlá wa kóra jọ, wọ́n lẹ pupa, wọ́n pariwo, ẹranko sá lọ. Pupa nìkan kọ́ ló lé e, pípé tí wọ́n pé ni. Ohun tí a fi ń ṣọdún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má dá wà, àtalààyè àtòkú. Ìwọ di pupa mú, o ju bàbá rẹ àgbà tí a ń retí nù."

Qiaoyun ṣa àwọn ìrépé náà, ó tẹ́ wọn sábẹ́ abọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, ó sì bu ẹja sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fi ojú ẹgbẹ́ ṣe dígí yóò gbàgbé ojú ara rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ti ya, ó ya náà nìyẹn.