Ohun Tó Wúwo Lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì

Òṣùwọ̀n tún sọ pé nọ́ọ̀sì ti wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ṣe ni aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ léjìká. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn nìyẹn: kí ìyá kankan tó gbé ọmọ dé láàárọ̀, ẹni tó ń wọn ọmọ á kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ òótọ́. Ìwádìí nípa bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń ṣe. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́, iṣẹ́ gbogbo ti wọgbó.

Dókítà gun un, tirẹ̀ pé. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tuntun dé, ohun kan náà ló sọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra máa jẹun o," ni dókítà fi dápàárá.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò sunkún. Ẹnu iṣẹ́ ló padà sí, gbogbo èèyàn sì ń yìn ín pé ó lọ́kàn akin. Ọkàn akin kọ́, kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ ni. Bó bá ku òun nìkan, á máa fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, bíi pé ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń wọ̀n. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló máa ń wà nírọ̀lẹ́, bí ìyá rẹ̀ bá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò gbé e dé, ọrùn ọmọ ti rí tínínrín, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń jẹun o. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, wọn ò rí àìsàn kankan. Ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì wọn ọmọ. Ohun tó fi fúyẹ́ sí i kò dín, kò lé sí ohun tí òun fi wúwo sí i. Ẹ̀rù bà á, ó yára gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀.

Ó gun òṣùwọ̀n. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ìyá tó fẹ́ sọ ọmọ kalẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi. Sọ̀ kalẹ̀. Má bínú."

Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n rọra lọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ẹkún tó ti há láti ọjọ́ ìsìnkú wá tú jáde, kò sì tíì nu ojú tán tí àbúrò rẹ̀ fi tẹ̀ síwájú lójijì, tó mú ọwọ́ kan sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wúwo lẹ́yìn mi yìí?"

Ọmọ tó wà lápá rẹ̀ figbe ta.

Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Wá, ọmọ mi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìn ìyá ẹni là ń gùn." Ẹrù náà padà dé, ó móoru mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sórí tábìlì, ó gba àárín àwọn ìyá tó jókòó síta kọjá, kò sì fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ títí dòní.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti sanra. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ báyìí. Bí ọmọ náà bá rí i lókèèrè, á juwọ́, á sì máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ojú nọ́ọ̀sì ló máa ń wò. Òkè èjìká rẹ̀ ni.