Ọ̀rọ̀ Tí Hidayah Kọ Sórí Fídíò Zinsu

Ohùn tó ń kàwé nínú áàpù tí Hidayah fi ń gé fídíò kò gbọ́ Yorùbá. Bí òyìnbó tí eyín ń dùn ló máa ń pè é, àwọn oníbàárà á sì fẹ́ẹ̀ kú sẹ́rìn-ín. Àfi ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ibereko, tí ohùn náà ka gbólóhùn kan láìṣì rárá. Ohùn ìyá àgbà ni, ó ń fà nílẹ̀ bíi tàwọn Ẹ̀gùn. Hidayah tún un tẹ̀. Ti òyìnbó ló padà gbọ́.

Fídíò Zinsu ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Apẹja ni Zinsu, ọmọ Ẹ̀gùn, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ó ti kọ́kọ́ bú iṣẹ́ Hidayah pé ó wọ́n ju ẹja lọ, bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó bá ń bú ọjà, rírà ló fẹ́ rà. Ó ní ìbejì lòun. Òun ti ṣe fídíò ara òun létí òkun, kí Hidayah bá òun sọ ọ́ di méjì, kí ìyá àwọn lè rí àwọn pa pọ̀ kóun tó gbéyàwó.

Hidayah ní kí ló dé tí kò kúkú mú èkejì ẹ̀ dání.

"Sagbo lọ ṣẹ́gi."

"Igi wo? Ayé gáàsì la wà, ẹ̀yin ará etí omi ṣì ń ṣẹ́gi."

Zinsu kàn wolẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Ọmọ àwọn oníṣòwò Ijanikin ni Hidayah, Mùsùlùmí ni, ibo ló ti fẹ́ mọ ẹnà Ẹ̀gùn? Ó fẹ́ pa oníbàárà ẹ̀ lẹ́rìn-ín, ló bá kọ ọ́ sórí fídíò: Sagbo, igi ti tó o, máa bọ̀ nílé. Ohun tí ohùn yẹn kà nìyẹn.

Ó fi fídíò ránṣẹ́, ó wá tún un wò. Zinsu méjì dúró síwájú òkun. Ẹnì kan náà ló dà kọ, ohun tí ọ̀kan bá ṣe, ó yẹ kí èkejì ṣe é. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀wù tọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀wù tọwọ́ òsì lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán níbẹ̀. Ẹni náà kò ṣẹ́jú. Hidayah ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan wọlé, ó kí i. Hidayah dá ohùn ẹ̀ mọ̀. Òun ló ka gbólóhùn àná nínú áàpù.

Ìyá Zinsu ni. Ó ní Zinsu wo fídíò náà, ó pa oúnjẹ tì, ó lẹ́nì kan ń pe òun létí omi. Ọkọ̀ ẹ̀ wà lébùúté, òun ni wọn ò rí.

"Ta ló kọ̀wé sí i?"

"Èmi ni, mà. Àwàdà ni. Ó ní Sagbo lọ ṣẹ́gi."

Ìyá rọra jókòó. "Òkun ló gbé Sagbo, ọmọ mi. Ìbejì kì í kú lẹ́nu wa, igi la máa ń ní ó lọ ṣẹ́. A kì í sì í ní kó máa bọ̀."

Hidayah bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tóun fọwọ́ lẹ̀ mọ́ fídíò, òun á fọwọ́ yọ ọ́. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó wá ku kó yọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àwọn méjèèjì ti gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ bákan náà, kò mọ èyí tó jẹ́ àdàkọ mọ́.

"Mà, èwo ni Zinsu?"

Ìyá gbójú lé gíláàsì fóònù náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó na ìka sí ọ̀kan. "Fi èyí sílẹ̀."

Hidayah yọ èkejì.

Kò pẹ́ rárá tí bàtà fi ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Hidayah ní Alihamdulilahi.

Ìyá gbá ojú ọmọ náà mú, ó fimú sí i lọ́rùn bí ẹni ń gbóòórùn ọmọ ọwọ́. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó yíjú sí Hidayah, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kì í ṣe Zinsu."

Hidayah sáré nawọ́ sí fóònù kó lè dá èyí tó yọ padà. Ìyá ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Má tẹ nǹkan kan. Òun náà, èmi ni mo bí i."